Kọ̀ǹpútà pọ̀ ní yunifásítì, àmọ́ ta ló ń tọ́jú wọn?

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ẹ jẹ́ káwọn olóṣèlú sinmi díẹ̀, kí etí tiwa náà sì sinmi. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, òun ló gbé mi dénú ọgbà yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ẹ́ ròyìn fún yín, torí tó bá ń dun èèyàn, ṣe ló yẹ kó sọ ọ́ jáde.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ̀rọ̀ náà kàn, obìnrin ni. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ iléèwé náà, torí mi ò bá tìjà wá. Ọdún 2014 lọmọ yìí jáde níbẹ̀, ó sì ṣe dáadáa. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé kan ní Kánádà gbà á wọlé, wọ́n tún ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́, pé ìdajì owó iléèwé ni wọn ò ní í gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń retí ni transcript, ìyẹn ìwé tó máa ń sọ gbogbo máàkì téèyàn gbà láti ọdún àkọ́kọ́ títí tó fi jáde. Wọ́n ní kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́ o, iléèwé tó ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ta ni ò ní í sọ pé ó tó, kódà pé ó ṣẹ́kù? Ọjọ́ kejì lọmọ náà ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní portal ò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní àwọn ń pààrọ̀ ẹ̀rọ sí tuntun ni, kó ní sùúrù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹkún ló fi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi débẹ̀. Àbújá ni mo wà, ọ̀gá mi ò ní í fún mi láyè. Tí wọ́n bá rí àgbàlagbà, bóyá wọ́n á tètè dá a lóhùn." Bí mo ṣe wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀ ní nǹkan bíi aago mẹ́wàá, èrò ti kún ojú fèrèsé wọn fọ́fọ́. Akọ̀wé tó dá mi lóhùn ò yájú sí mi o, ọmọlúàbí ọmọ ni. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Àwọn tó jáde kó tó di ọdún 2017, orí ẹ̀rọ àtijọ́ ni èsì ìdánwò wọn wà. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn sí tuntun, tuntun ọ̀hún ò sì lè ka ohun tó wà lórí ti àtijọ́."

Mo ní, "Ṣé kò wá sẹ́ni tó lè kà á ni?"

Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan wà, sà. Ọ̀gá tó bá wa ṣe é nígbà yẹn. Òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti jápa."

Mo béèrè ibi tí ọ̀gá náà jápa lọ. Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́ o. Kánádà ni! Ọmọ wa ń wá ọ̀nà tó máa gbà dé Kánádà, kọ́kọ́rọ́ ilé tí ìwé ẹ̀ wà ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀.

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, torí mo ti múra bí màá ṣe sọ̀rọ̀ sí wọn. Àmọ́ tí mo bá ní kí n má purọ́ fún yín, nígbà tí mo fi máa lo wákàtí kan níbẹ̀, ìbínú mi ti di àánú. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn ò ju ẹni ogójì ọdún lọ, àmọ́ irun orí ẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi nǹkan hàn yín ná, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wáá bú mi."

Ó mú mi wọ yàrá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ sáfà, òun ni ìyá gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọgbà. Ibẹ̀ ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà, ibẹ̀ ni máàkì wà, ibẹ̀ ni ìwé owó wà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù tọ̀sántòru, torí sáfà kì í fẹ́ ooru. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì ló wà lára ògiri, ọ̀kan ti kú, èkejì ń sun omi sínú bákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wáá gbé fáànù onídìí sílẹ̀, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ìyá gbogbo kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ abiyamọ. Àwọn bátìrì ínfátà tó wà lábẹ́ tábìlì ti wú bíi búrẹ́dì tó jẹ yíìsì jù.

Mo ní, "Àbúrò, kí ló dé tẹ́ ò pààrọ̀ bátìrì?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ra igba kọ̀ǹpútà, wọ́n á rówó ẹ̀, torí wọ́n máa pe àwọn èèyàn ńlá wáá gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù fún bátìrì rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Òótọ́ ni. Àwa èèyàn ilẹ̀ wa fẹ́ràn ọjọ́ ìṣílé, a kì í fẹ́ gbọ́ nípa ọjọ́ tí òrùlé bá ń jò. Owó TETFund wà, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011 láti máa ran àwọn iléèwé gíga ìjọba lọ́wọ́, kò sì sí yunifásítì ìjọba tí ẹ máa dé tẹ́ ò ní í rí ilé tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí lára. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹni tó ra mọ́tò tí kò ra ọ́ìlì sí i, ṣé mọ́tò ló rà àbí irin?

Iná náà ńkọ́? Ọkùnrin yìí ní látìgbà tí wọ́n ti sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di ọ̀wọ́n lóṣù kẹrin ọdún 2024, tí yúníìtì tí wọ́n ń ra ní nǹkan bíi N68 di N225, ni ìṣòro ti dé. Wọ́n á ní kí wọ́n pa iná láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá pa á, sáfà á kú lójijì. Sáfà tó bá ń kú lójijì lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í jí mọ́.

Àwọn mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́ náà fún gbogbo ọgbà. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù ẹ̀ ń dún. Ọ̀gá kan ní kó wá wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun, ó ti há ìwé. Òmíràn ní kó wá bá òun wo fóònù ìyàwó òun, WhatsApp ò gbé fọ́tò. Mo ní, "Ṣé fóònù ìyàwó ọ̀gá náà wà lára iṣẹ́ yín ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá lọ, lọ́jọ́ tí mo bá gbé ìwé owó bátìrì débẹ̀, òun náà ló máa fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá mú mi wọ gbọ̀ngàn kan tí kọ̀ǹpútà kún inú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní tuntun ni, torí ọ̀rá ò tíì kúrò lójú òmíràn. Àmọ́ ẹ̀yìn ti yọ sí wọn." Ó ṣàlàyé fún mi, èmi náà sì fẹ́ẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún yín bó ṣe yé mi, torí kì í ṣe yunifásítì nìkan ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe káfẹ́ẹ̀ ojú títì, ẹ̀yin oníléèwé àdáni, ẹ̀yin oníṣẹ́ ìwé títẹ̀, ó kàn yín.

Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ rí yìí, irin lásán ni. Ohun tó ń darí ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù lọ níbi gbogbo ni Windows táwọn Microsoft ṣe. Lóṣù keje ọdún 2015 ni wọ́n gbé Windows 10 jáde, òun ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà iléèwé wa. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft ní àwọn ò ṣàtúnṣe ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ bí àwọn ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà kú lọ́jọ́ yẹn o. Ó ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣàpẹẹrẹ ẹ̀. Ká ní lóṣooṣù ni kápẹ́ńtà máa ń wáá wo ilẹ̀kùn yín, tó ń rí ibi tí olè lè gbà wọlé, tó sì ń dí i. Lọ́jọ́ kan, kápẹ́ńtà ní òun ò wá mọ́. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn olè ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní tiwọn. Gbogbo ihò tí wọ́n bá rí látọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa dí i.

Ẹ máa ní kí wọ́n yáa gbé Windows 11 sórí ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Windows 11 ti jáde, àmọ́ kì í gba ara gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń fẹ́ nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó dà bíi àpótí onírin tí kọ̀ǹpútà ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí. Ó tún ń fẹ́ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ wa ni kò ní in, pàápàá àwọn àlòkù tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó, tí wọ́n fi aṣọ nù, tí wọ́n sì tà bíi tuntun.

Mo ní, "Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ?" Ó ní ọ̀nà ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ọ̀kan, kí wọ́n pààrọ̀ àwọn tó ti gbó jù, díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, kí wọ́n sanwó fún Microsoft kí wọ́n má tíì ṣíwọ́ àtúnṣe. Iye tí wọ́n dá lé àwọn iléèwé ò pọ̀ rárá: dọ́là kan lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, dọ́là méjì lọ́dún kejì, dọ́là mẹ́rin lọ́dún kẹta, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé Linux sórí àwọn tí Windows 11 ò gbà, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń bá ẹ̀rọ tó ti dàgbà lára mu. Ẹ̀kẹrin, èyí tó bá jẹ́ pé dandan ni kó wà bó ṣe wà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa dá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti sọ gbogbo èyí fún wọn?" Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ẹ̀dà ìwé tó kọ lọ́dún 2023 jáde. Ìwé náà ti dé tábìlì márùn-ún, ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sí i pé kí ẹni tó tẹ̀ lé òun wò ó, ẹni ìkẹyìn sì kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ló sì padà sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ tí Windows 10 máa dópin lọ́pọ̀ ọdún kó tó dé. Kì í ṣe àjálù, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ni.

Nígbà tí mo délé, mo ronú pé bóyá àwa nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣe. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Háà! Ohun tí mo rí jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyà yìí ò mọ òyìnbó yàtọ̀ sí adúláwọ̀.

Yunifásítì Kyoto tó wà ní Jàpáànù, ẹ ò lè pe ìyẹn ní iléèwé tálákà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá tí àwọn olùwádìí wọn ń kó iṣẹ́ sí. Lóṣù Disẹ́ńbà ọdún 2021, àwọn HPE tó bá wọn ṣe ẹ̀rọ náà ní àwọn fẹ́ẹ́ tún ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ṣe kó lè dáa sí i. Wọ́n gbé ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ètò tó yẹ kó máa pa àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó ti gbó rẹ́ bá kọjú sí iṣẹ́ àwọn olùwádìí, ó ń pa á rẹ́. Kí wọ́n tó mọ̀, terabyte 77 ti lọ. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe pọ̀ tó, ẹ ka fóònù tó ń gba 64GB jọ títí tó fi máa tó 1,200. Fáìlì tó lé ní mílíọ̀nù 34, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ olùwádìí 14, ló bá a lọ, wọn ò sì rí ti mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ náà gbà padà. Àwọn HPE gbà pé àwọn làwọn jẹ̀bi. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà kí nǹkan má baà sọnù náà ló sọ ọ́ nù! A kì í tún táyà mọ́tò ṣe nígbà tí mọ́tò ń sáré lọ́wọ́.

Ti Yunifásítì Maastricht, ní Netherlands, tún yàtọ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2019, ẹnì kan níbẹ̀ tẹ nǹkan tí kò yẹ kó tẹ̀ nínú ímeèlì kan. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì gba ibẹ̀ wọlé. Wọn ò pariwo o, wọ́n ń rìn kiri nínú ilé ọ̀hún ni, títí tí wọ́n fi dé orí ẹ̀rọ kan tí wọn ò fi àtúnṣe ààbò sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Nígbà tó di ọjọ́ 23, oṣù Disẹ́ńbà, tó ku ọ̀la kí wọ́n máa múra ọdún Kérésìmesì, wọ́n ti gbogbo nǹkan pa: ímeèlì, iṣẹ́ ìwádìí, títí kan lára ẹ̀dà ìpamọ́, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n so ó mọ́. Sáfà 267 ni wọ́n ṣe báṣubàṣu. Yunifásítì náà sanwó ìtúsílẹ̀, bitcoin 30, tó jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba (200,000) yúrò. Bí èèyàn ṣe ń sanwó fún ajínigbé gan-an ni.

Àmọ́ Ọlọ́run máa ń ṣe tiẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wá rí díẹ̀ gbà nínú owó náà, ìgbà tí bitcoin sì ti gbówó lórí, díẹ̀ tí wọ́n rí lọ́dún 2022 ti di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500,000) yúrò. Ó ju èyí tí wọ́n san lọ! Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó làwọn máa fi ràn lọ́wọ́. Ẹ má fi ṣe àríkọ́gbọ́n o, ti oríire nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà wálé. Ẹ rántí ìdánwò JAMB ti ọdún 2025? Nígbà tí èsì jáde lóṣù karùn-ún, igbe ta. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé kùnà, àwọn òbí ń na ọmọ, wọ́n ní wọn ò kàwé. Ní ọjọ́ 14, oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, bọ́ síta, ó sunkún lójú gbogbo ayé, ó tọrọ àforíjì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ṣàtúnṣe tuntun fún ètò tó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ. Wọ́n gbé e sórí àwọn sáfà apá kan, wọn ò gbé e sórí ti apá kejì, ìyẹn ti Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó ìdánwò 157 lọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ 379,997 ló sì kó sí i. Láti ọjọ́ 16, oṣù náà, ni wọ́n ti ní kí wọ́n wáá tún ìdánwò ṣe.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Wọn ò jalè, bẹ́ẹ̀ ni jìbìtì ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lápá kan tí wọ́n gbàgbé láti ṣe lápá kejì ni, tí ẹnikẹ́ni ò sì padà yẹ̀ ẹ́ wò kí èsì tó jáde. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ bàbá tó na ọmọ ẹ̀ lóṣù yẹn, ẹ̀yin náà ẹ bẹ ọmọ yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ pé àtúnṣe tó yá jù náà lè pani lára. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, àwọn CrowdStrike tó ń ṣe ààbò kọ̀ǹpútà gbé àtúnṣe kan tó lábùkù jáde fún gbogbo oníbàárà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ ló dákú káàkiri àgbáyé, bàálù ò lè gbéra, ilé ìwòsàn há. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí díẹ̀ ni, díẹ̀ náà ni ì bá kú.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí kọ́ fún àwọn ọ̀gá yunifásítì wa, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí wọn ò tiẹ̀ ní í gbà.

Àkọ́kọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má fi èsì àwọn ọmọ wa síbì kan ṣoṣo. Kí ẹ̀dà kan wà lórí sáfà, kí òmíràn wà lórí ẹ̀rọ tí wọn ò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀kẹta sì wà níta ọgbà náà pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa ṣí i wò lóṣooṣù bóyá ó ṣì ń ṣí. Ẹ̀dà tẹ́nikẹ́ni ò ṣí wò rí, àdúrà lásán ni.

Èkejì, ẹ má pa àtijọ́ kí tuntun tó mọ iṣẹ́. Kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní sáà kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ mú orúkọ àwọn tó ti jáde tipẹ́ kẹ́ ẹ fi dán tuntun wò. Ẹ má sì ṣe é lásìkò ìdánwò tàbí lásìkò táwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀. Ìsinmi ni wọ́n ń fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń jápa ò lẹ́ṣẹ̀, ẹni tí kò ní kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kó tó lọ ló lẹ́ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ dì í sínú àpò ìwé, ẹ fi sínú sééfù, kí ẹni méjì mọ ibi tó wà.

Ẹ̀kẹrin, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra kọ̀ǹpútà, ẹ ya owó ìtọ́jú ẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ ra ọgọ́rin tẹ́ ẹ lè tọ́jú sàn ju kẹ́ ẹ ra igba tó máa di ibùsùn eku lọ. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù kó sanra.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bọ̀wọ̀ fáwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbájú mọ́ sáfà, ẹ gbé fóònù màdáámù lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe létí títì.

Ẹ máa fẹ́ẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ ọmọ wa já sí. Nígbà tí mo ń jáde lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ọkùnrin náà sáré tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ẹ̀ka tọ́mọ yín ti kàwé. Màmá kan wà níbẹ̀. Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá." Mo débẹ̀, mo bá màmá arúgbó kan tí ọdún kan péré kù fún kó fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀ bí ọmọdé. Màmá ò ní kọ̀ǹpútà kankan lórí tábìlì. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọdún wo ló jáde?" Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó gbé ìwé rẹ́jísítà ńlá kan jáde, ó nù ún pẹ̀lú ìborùn ẹ̀. Bó ṣe ṣí i ni mo rí orúkọ ọmọ wa tí wọ́n fi báírò kọ, máàkì lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, gbogbo ẹ̀ pátá.

Màmá ní, "Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní ká lọ jó àwọn ìwé yìí. Mo ní ó dáa. Mi ò jó o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n da ìwé náà kọ, àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó di ọ́fíìsì kan, ó di òmíràn. Nígbà tó fi máa dé Kánádà, ọjọ́ mẹ́ta ló fi pẹ́. Wọ́n ní àyè ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó lè wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ owó ìrànwọ́ yẹn, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó ń tọ́jú owó. Kò tíì débẹ̀.

Nǹkan tó ń dùn mí ni pé màmá yẹn máa fẹ̀yìn tì. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ta ló máa gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó wò mí títí, ó ní, "Wọn ò tíì bi mí."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ní yunifásítì, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti jáde, ẹ ní kó lọ gba transcript ẹ̀ nísinsìnyí tí nǹkan ò tíì ká a mọ́, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáwó jọ pé ẹ fẹ́ẹ́ ṣe nǹkan fún iléèwé yín, ẹ má kọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́, ẹ ra bátìrì. A ò ní í gé ríbọ́ọ̀nù sí i, àmọ́ àwọn ọmọ á máa rí ìwé wọn gbà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa tọ́jú ara yín.